Ẹran Ọ̀sìn

Kókó kan ni wọ́n gé kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì mi, kòtò tó fi sílẹ̀ sì jìn débi pé ọmọ mi ń sá fún mi. Ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ! Tí mo bá nawọ́ sí i, ẹ̀yìn ìyá mi ló ń sá sí. Ìyẹn dùn mí ju iṣẹ́ abẹ lọ.

Dókítà ní àwọn lè dí kòtò náà. Wọ́n á gba ọ̀rá díẹ̀ níkùn mi, wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ sẹ́ẹ̀lì tó máa ń di iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì máa tọ́jú rẹ̀ nínú àwo títí á fi di ẹran. Àràárọ̀ ni wọ́n á máa fún un lóúnjẹ.

"Ẹran ọ̀sìn nìyẹn ṣá," ni ìyá mi wí nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà sí Ìdímù. "Ẹran ọ̀sìn kì í sì í gbàgbé ilé o."

Kò sí ohun tí ìyá mi kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọ̀rá náà, ebi àárọ̀ kò pa mí mọ́. Tí mo bá jókòó ti ẹ̀kọ àti àkàrà, inú mi á ti kún.

"Wọ́n ti fún un lóúnjẹ nìyẹn, jàre," ni ìyá mi á wí, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹran náà dí kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n gbé e wá kí n rí i: ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi: "Ẹ kú ilé o." Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí. Káàbọ̀ ló yẹ kí n sọ. Ẹni tó ti ìta dé ló ń kí ará ilé bẹ́ẹ̀.

Ojú ọgbẹ́ jinná, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sì kún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ mi rọra sún mọ́ mi, ó fi etí lé e. Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, torí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ṣì kú tipiri. Àmọ́ nísàlẹ̀ ìdodo mi, níbi tí wọ́n ti gba ọ̀rá, nǹkan yí gbìrì, bó ṣe máa ń yí nígbà tí mo lóyún rẹ̀.

Ọmọ náà gbórí sókè, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Mọ́mì, ta ló wà níbẹ̀?"

"Ìwọ ni," mo ní, mo sì dì í mú, kó má baà tún sá.