Wọ́n Ti Ọkọ Mi Mọ́ Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ẹ bá mi wo ọkùnrin tí mo fẹ́ o. Kì í mu sìgá, kò mọ̀nà ilé ọtí, kò sì sí obìnrin kankan níta tó lè pè é ní tirẹ̀. Àlébù kan ṣoṣo ló ní. Tí ẹnikẹ́ni bá ti dúró síwájú rẹ̀, tó ní kọ̀ǹpútà òun ò gbọ́ràn, inú ọkọ mi á dùn bí ẹni pé wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Á ní, "Ìyẹn ò le rárá. Nǹkan kan wà tó ń tún irú ẹ̀ ṣe, ọ̀fẹ́ ni." Ọ̀fẹ́ ni, ọ̀fẹ́ ni, títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbá Ọ̀fẹ́ níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ mi gan-an ti gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí nítòsí. Mo máa ń bá wọn wí, àmọ́ mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ omi, ní ìlú kan tó jìnnà sí tiwa. Èmi, àwọn ọmọ, àti ìyá tó bí i lọ́mọ la jọ ń gbé nílé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló máa ń dé, ọ̀sán Sọ́ńdè ló tún máa ń gbé báàgì kọ́ apá. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Nínú ìgbà díẹ̀ yẹn ni àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, nínú ìgbà díẹ̀ yẹn náà ló wọ ilé ìwé. Ìgbà díẹ̀ wọn yẹn ga jù mí lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà tuntun dé sí ilé iṣẹ́ náà, inú gbogbo èèyàn dùn. Kò pẹ́ tí ohun tí wọ́n fi ń kọ̀wé lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn láràárọ̀ pé àkókò ìdánwò ti parí, kí wọ́n wá ra ojúlówó. Ó tán! Lẹ́tà ò ṣeé kọ mọ́. Ọ̀gá wọn ti ní kí wọ́n lọ nu eruku orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kúrò. Ọkọ mi ní kí wọ́n fún òun láàyè díẹ̀. Ó lọ gbé LibreOffice, tí òun náà wà fún ìwé kíkọ, wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó fi í sórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ó ṣí lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ọ̀gá ní, "Èló ni?" Ọkọ mi ní, "Ọ̀fẹ́ ni sà." Bí wọ́n ṣe gbá a mú nìyẹn.

Akápò wọn ní fídíò kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti olú ilé iṣẹ́ ò ṣí. Ọkọ mi fi VLC sí i fún un, fídíò ń lọ geerege. Obìnrin tó ń gbàlejò ní iwájú, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Iwájú, ní wọ́n di fáìlì kan pọ̀ bí ẹrù, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ọkọ mi wá èyí tó ń tú u. Ó fún wọn ní èyí tó ń so ìwé pọ̀, èyí tó ń gé àwòrán kéré, èyí tó ń wá fáìlì tó sọnù. Tó bá délé ní Jímọ̀, á máa ròyìn rẹ̀ fún mi tayọ̀tayọ̀, èmi á sì máa ká aṣọ, màá ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí pé níwájú ìyá rẹ̀ ni mo ti ń kí i báyẹn. Tó bá ku àwa méjì, "ìwọ" ni mo ń pè é, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó wá dè é mọ́lẹ̀ pátápátá ni ti páásíwọ̀ọ̀dù. Àwọn èèyàn yìí ń kọ páásíwọ̀ọ̀dù wọn sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá wá béèrè omi á máa kà á bí ìwé ìròyìn. Ọkọ mi ní èyí ò dáa. Ó gbé KeePass wá, tí í ṣe àpótí kan tí wọ́n ń kó gbogbo páásíwọ̀ọ̀dù sí, tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń ṣí. Ó pe gbogbo wọn jọ pé kí wọ́n wá yan ọ̀rọ̀ yẹn, kí wọ́n mọ̀ ọ́n sórí. Wọ́n ní, "Bàbá Ọ̀fẹ́, ẹ bá wa yàn án." Ó yàn án. Ó sọ ọ́ fún wọn. Akápò ń wo aago, Àǹtí Iwájú ń wo èékánná ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, tí kọ̀ǹpútà bá ti béèrè páásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n á pariwo láti kọ́rídọ̀, "Bàbá Ọ̀fẹ́ o!" Ọkọ mi á dìde, á lọ tẹ̀ ẹ́ fún wọn, á padà. Kó tó jókòó, ẹlòmíràn ti ń pè.

Ẹ má rò pé wọn ò gbọ́n o. Ọgbọ́n ló pọ̀ jù fún wọn. Ní ilé iṣẹ́ yẹn, ẹni tó bá fi hàn pé òun mọ nǹkan ṣe, tirẹ̀ ni nǹkan náà títí táá fi fẹ̀yìn tì. Bàbá kan mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó máa ń há, òun ni wọ́n ń pè sí ìdí ilẹ̀kùn yẹn títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, gbogbo wọn ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dibọ́n pé òun ò mọ̀. Ọkọ mi nìkan ni ò kọ́ ọ.

Gbogbo èyí ni, mo ń pa á mọ́ra. Àfìgbà tí ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan.

Ó kọ́kọ́ fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ mi. A rẹ́rìn-ín sí i. Lẹ́yìn náà, ó dúró sí àárín pálọ̀, ó bi mí ibi tí yàrá òun wà, ẹ̀rín ò wá mọ́. Dókítà ò fọ̀rọ̀ bo. Ó ní kò sóògùn tó máa dá a padà, àmọ́ ẹni tí ìyá bá ń rí lójoojúmọ́ ló máa pẹ́ jù lọ́kàn rẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú etí rẹ̀. Ó kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n gbé òun wá sílé, wọ́n sì gbà fún un. Mo jó nínú ilé ìdáná.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kò burú, kó fa kọ́kọ́rọ́ àpótí páásíwọ̀ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣí i, lé ẹnì kan lọ́wọ́ kó tó máa lọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ há sí, torí kò sẹ́ni tó gbà á. Akápò ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń da òun láàmú, òun ò gbọ́dọ̀ ronú. Àǹtí Iwájú ní ojú òun ò ríran mọ́, ojú tó ń fi ka fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n pe awakọ̀, awakọ̀ ní ọwọ́ òun ti le jù. Ọkọ mi kọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀ ọ́n, bí ilẹ̀ bá mọ́, "Bàbá Ọ̀fẹ́ o!" Ọ̀gá sì ní, níwọ̀n ìgbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, òun ò ní buwọ́ lu ìwé ìlọ rẹ̀.

Jímọ̀ kan ló dé, ìyá rẹ̀ jókòó lórí àga. Ó wò ó. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó ní, "Ọmọ mi, ìwọ nìyẹn?" Ọkọ mi dáhùn, ó bá a ṣeré, ó gé èso fún un jẹ. Lẹ́yìn náà, ó lọ dúró sẹ́yìn ilé. Mo bá a níbẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ó ní, "Ó ronú kó tó mọ̀ mí."

Ara mi gbóná. Mo ní, "Ìwọ, kí ló dè ọ́ mọ́ ibẹ̀? Má lọ mọ́ ní Sọ́ńdè!"

Ó ní, "Tí mo bá gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ nínú orí mi, kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣí. Àwọn tí wọ́n ń dúró de omi ńkọ́? Èmi ni mo gbé e fún wọn, ìyá àwọn ọmọ. Èmi ni mo ní kò le."

Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe, bóyá kí n gbá a mọ́ra ni àbí kí n gbá a létí. Mo ní kò burú, ó di Sọ́ńdè, a jọ ń lọ ni.

Mo fi àbúrò mi ti Màmá àti àwọn ọmọ, mo sì tẹ̀lé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo rí yàrá náà. Òpin kọ́rídọ̀ ló wà, fèrèsé kan tó ní irin, ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí, kò ju kí èèyàn na ọwọ́ kan án lọ. Páńkà ń yí, kò fẹ́ nǹkan kan. Oúnjẹ àárọ̀ tí mo dì fún un, nígbà tó fi máa jẹ ẹ́ tán, ó ti dìde lọ bá wọn tẹ páásíwọ̀ọ̀dù débi tí mo fi ṣíwọ́ kíkà. Mo dìde, mo lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí mi. "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Òpómúléró wa lọkọ yín o."

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òpó náà máa bọ̀ nílé."

Ó ní kò sẹ́ni tó máa gba kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́ sà? Ta ló tún kù tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kì í bá ṣe ọ̀gá?" Mo rí i tó na ọrùn sókè. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó ní kí ọkọ mi wá, kó ṣí àpótí náà, òun fúnra òun máa yan ọ̀rọ̀ tuntun. Ó tún ní kí èmi àti ọkọ mi kọjú sí ògiri kí a má bàa rí i. Àgbàlagbà méjì, a kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín fẹ́ pa mí.

A ò tíì yíjú padà tí wọ́n fi ké láti kọ́rídọ̀, "Bàbá Ọ̀fẹ́ o!" Ọkọ mi ti ṣí ẹsẹ̀. Mo di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú.

Ọ̀gá ní, "Ọ̀dọ̀ mi ni kó wá."

Ó ṣe wọ́n bí eré. Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá láti gba páásíwọ̀ọ̀dù, Ọ̀gá á kọ́kọ́ bi í nípa iṣẹ́ tí kò tíì parí. Akápò wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó fi òógùn jáde. Àǹtí Iwájú kọ̀ láti wọlé rárá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti lọ bẹ Ọ̀gá pé kó sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn, àwọn máa mọ̀ ọ́n sórí. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n! Akápò tí kò gbọ́dọ̀ ronú ń tẹ̀ ẹ́ láìwo ọwọ́. Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé.

Mo ti padà sílé, mo ti kó àpótí aṣọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó lè rí ibi kó tirẹ̀ sí. Ìgbà yẹn ló pè mí lórí fóònù. Ọ̀gá ní kó kàn fi àwọn nǹkan ọ̀fẹ́ yẹn sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wọn kejì kó tó máa bọ̀. Mo ní, "O sì gbà." Ó ní, "Kò ní pẹ́. Wọ́n bẹ̀ mí ni." Jímọ̀ kan kọjá, kò dé. Òmíràn kọjá. Ẹ̀ka kejì ti gbọ́ orúkọ Bàbá Ọ̀fẹ́, àwọn náà ń pariwo láti kọ́rídọ̀ tiwọn. Mo sunkún lórí fóònù, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Màmá ò béèrè rẹ̀ mọ́ lásìkò yẹn, mi ò sì sọ ìyẹn fún un.

Nígbà tó dé, ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ dé pátá. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó rí i tó ń bọ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè rí ọ̀nà kọjá.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà."

Ọkọ mi gbé ẹrù sílẹ̀. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Màámi, èmi ni. Mo ti dé."

Màmá rẹ́rìn-ín sí i bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. "Ohùn yín jọ ti ọmọ mi. Àbí ibi iṣẹ́ kan náà lẹ wà?"

Ọkọ mi gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín, kí wọ́n jẹ́ kó máa bọ̀. Ọmọ yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Láti kékeré ni."

Ọkọ mi ní òun máa bá a sọ fún wọn.