Orúkọ tí Mo Pè Létí Ìsun

Ẹrẹ̀ tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ omi ní òórùn tirẹ̀. Kì í ṣe òórùn ìdọ̀tí. Ó jọ ewé tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ irin tó dípẹtà, bí a bá sì fi ọkọ́ tú u síta, yóò gbá ni nímú bí ìgbà tí a ṣí ìkòkò tí a ti gbàgbé sí ẹ̀yìn àdìrò. Ibikíbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn, ìsun omi àdúgbò wa ní Ìrè ni ọkàn mi máa ń lọ, àti ọdún tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti kó àwọn obìnrin lọ gbẹ́ ẹ. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní láti gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ omi tí ìjọba gbẹ́ fún wa ti dákẹ́, ọ̀pá rẹ̀ ti já sínú ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà sì le. Ìsun nìkan ló kù, ẹrẹ̀ sì ti dí ojú rẹ̀. Bí a ò bá là á kí Àjíǹde tó kọjá, kí àwọn ọmọ tó wálé tó padà síbi iṣẹ́ wọn, a ó máa lọ tọrọ omi ní àdúgbò kejì. Omi tí àwọn yẹn bá sì fún ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń pọ̀ ju omi lọ.

Ìyáálé wa, ìyẹn àgbà jùlọ nínú àwa tí wọ́n fẹ́ sínú agbo ilé náà, ló máa ń kó wa lọ tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ó ní kí n gbà á lọ́wọ́ òun. Ohun kan wà tí mo ti ń ṣọ́ lára ìyá yìí láti ọjọ́ pípẹ́: ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Bó bá dojú kọ àwa ìyàwó, á máa bú wa, á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ á sì máa yá. Bó bá kan àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bí sínú ilé náà, á di ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Á máa bi wọ́n léèrè ohun tó mọ̀ jù wọ́n lọ. Mo bi í nígbà kan pé, "Yèyé, báwo lẹ ṣe ń mọ ẹnu tí ẹ máa lò?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bí o bá mọ̀ ọ́n, wá sọ fún mi."

Àwa ìyàwó la kọ́kọ́ lọ, kí àwọn ọmọ ilé tó dé, láti ṣán ọ̀nà kí a sì kó ẹrẹ̀ òkè kúrò. Mo gbé ẹnu ìyáálé wọ̀ bí ẹni yá aṣọ wọ̀. "Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ọkọ́ lẹ mú dání àbí ṣíbí? Ẹni tí kò bá lè gbẹ́ ẹrẹ̀, kó má wá pọn omi."

Ìyàwó tó tẹ̀ lé mi dá mi lóhùn pé, "Ìyáálé tuntun, ẹ rọra o, àná lẹ jẹ oyè."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń bú wọn ni wọ́n ń bú mi padà, ẹrẹ̀ sì ń fò sókè. Àfi ìyàwó kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ẹ̀dá-Oníyọ̀. Nígbà tí mo bú òun náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo tún bú u, omi lé ròrò sí i lójú. Ó yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan náà tó ń mú ara àwọn yòókù yá, òun ló ń de tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, mo kàn ń gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ sí mi létí jẹ́jẹ́, ó ní, "Yèyé, ẹ ń di ọkọ́ yín mú lókè jù, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń dùn yín." Mo gbìyànjú bó ṣe wí. Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ ilé dé. Kí ẹni tí kò mọ àṣà wa lè gbọ́ ọ dáadáa: gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn láé. Yóò wo ẹwà wọn, yóò fún wọn ní orúkọ tirẹ̀, òun ni yóò máa pè. Èyí tó jẹ́ olórí wọn ń ṣe tíṣà ní Ọ̀tùn. Nígbà tí mo wọlé bí ìyàwó, ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín ni, òun ló gbé omi tí wọ́n dà sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, pé eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Mo kàn wo àwọn eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni. Ó ti wá di obìnrin gbọ̀ngbọ̀n, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó ti pẹ́ níwájú kíláàsì.

Báwo ni ìyàwó ṣe ń darí ọkọ? Mo mú ẹnu kejì ti ìyáálé jáde. "Ọkọ mi, níbo lẹ rò pé kí a máa da ẹrẹ̀ yìí sí?" Mo mọ ibi tí a ń dà á sí láti ìgbà tí mo ti wọlé. Eyínfúnjowó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó nawọ́ síbẹ̀ gan-an. Mo ní, "Ẹ ò rí i, ojú ọ̀nà ni èmi ì bá dà á sí." Inú wọn dùn, wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹni pé àwọn ló dá ìsun náà. Mò ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo rò pé mo ti mọ ọgbọ́n rẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé ẹni tí a bá ń bi léèrè láti àárọ̀ yóò gbà pé ọ̀rọ̀ ti di tòun. Eyínfúnjowó rí i pé omi ń sun lábẹ́ bèbè apá òkè, níbi tí igi ńlá kan ta gbòǹgbò sí. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹ wọlé. Bèbè yẹn ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti la ilẹ̀ rẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ yẹn ń já mi láyà."

"Ìyàwó wa ń bẹ̀rù ẹrẹ̀," ó wí fún àwọn yòókù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Eyínfúnjowó, ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ti àárín ná."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Omi tútù lẹ máa mu lọ́la."

Mo kúnlẹ̀ pàápàá. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ kú ìkúnlẹ̀ o," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo ti ń ronú. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ọ̀rọ̀ mi ń fúyẹ́ tó. Ẹ̀bẹ̀ ni àwa ìyàwó fi ń kí ọmọ ilé, ẹ̀bẹ̀ la fi ń sọ pé kí wọ́n sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Kí ni wọn yóò fi mọ̀ pé èyí yàtọ̀?

Ìgbà náà ni mo rí iyẹ̀pẹ̀ tó ń dà wálẹ̀ lókè orí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí gàrí tó ń jò lójú asẹ́. Gbòǹgbò kan já, ó ta pàù. Mo pe orúkọ rẹ̀. Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ní òfìfo, láìsí ọkọ mi, láìsí ẹ jọ̀ọ́. Mo ní kó jáde níbẹ̀. Ìwọ ọmọ tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, má wulẹ̀ bi mí. Mi ò ní í tún orúkọ náà pè.

Ẹ̀rù kọ́ ló mú un jáde o, ìbínú ni. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó gòkè wá bá mi, ó na ìka sí mi lójú. "Ta ni ò ń pè bẹ́ẹ̀?" Ẹnu rẹ̀ ò tíì pa dé tí bèbè náà fi wó lẹ́yìn rẹ̀. Kò pariwo púpọ̀. Ó kàn dún bí ẹni tó sọ ẹrù tó wúwo kalẹ̀, tó sì mí kanlẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, kò sí kòtò mọ́, kò sí ọkọ́, ìka rẹ̀ sì ṣì nà sí mi.

Ó jókòó sílẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀ tì í. Àbúrò rẹ̀ kan ṣì ń kùn pé, "Bó ti wù kó rí, nínú ulé yìí, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ." Eyínfúnjowó ní kó panu mọ́. Ó wá yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló dé tí ẹ fi ń bẹ̀ mí láti àárọ̀?"

"Ọ̀wọ̀ ni, ọkọ mi."

"Ọ̀wọ̀ yẹn ì bá ti sin mí."

Iyẹ̀pẹ̀ ti bo ojú ìsun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilé ló sì fẹ́ padà síbi iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Mo dìde. Mi ò ronú kan ẹnu kankan, èyí tó jáde ni mo lò. Mo fi ẹni méjì sókè kí wọ́n máa ṣọ́ bèbè, mo ní bí wọ́n bá ké, kí olúkúlùkù jáde, kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Mo da ìyàwó àti ọmọ ilé pọ̀, mò ń nawọ́: ẹ̀yin síbí, ẹ̀yin sọ́hùn-ún. Èébú ò sí níbẹ̀, ìbéèrè ò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jiyàn. Eyínfúnjowó ru agbọ̀n ẹrẹ̀ bíi ti ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́, omi kọ́kọ́ yọ bí òógùn, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Bí mo ṣe rí i báyìí, ẹnu líle yẹn kúrò lẹ́nu mi. Mo fi igbá bu omi àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ gbà." Ó mu ún, ó sì gbé igbá náà fún ìyàwó kékeré ará Ẹ̀dá-Oníyọ̀.

Nígbà tí a padà débẹ̀ lọ́dún kejì, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń retí ààrá. Àbúrò tó kùn lọ́jọ́sí ló sọ̀rọ̀: "Ìyàwó, ẹnu wo lẹ gbé wá lónìí, ká lè mọ bí a ó ṣe dúró?" Mo ní mi ò tíì mọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń ṣe àwàdà. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé láti ilé ni aṣíwájú ti ń gbé ẹnu rẹ̀ wá, bí a ṣe ń gbé ọkọ́. Mo wá rí i pé ibi iṣẹ́ gan-an la ti ń bá a, ọ̀tọ̀ sì ni ti àárọ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀sán. Mo yí ìsun náà po, mo fi ẹsẹ̀ tẹ bèbè, ó le. Òjò ọdún tó kọjá ti gbé yanrìn lọ sí ibi tí n kò mọ̀ rí. Mo wá bi wọ́n pé, "Ọkọ mi gbogbo, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?" Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mọ èsì rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni.