Ojú Hephzibah Nínú Kámẹ́rà

Ọ́fíìsì kan ní Downtown, àárín ìlú ńlá kan nílẹ̀ òyìnbó, ni Ṣìkẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní Sunday, ìdí kámẹ́rà ni wọ́n ti ń bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Tucker. Uncle Akín, ọ̀gá àwọn tó ń ya fídíò, ló kọ́ ọ. Ó ní téèyàn bá ti ìsàlẹ̀ ya pásítọ̀, pásítọ̀ á ga. Téèyàn bá ti òkè ya èèyàn, onítọ̀hún á kéré. Wide shot ń kó gbogbo ilé, close-up ń mú ojú nìkan.

Nígbà tí Olúwafẹ́misí, ọmọ ìjọ wọn, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lórí títì márosẹ̀ I-20, ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ò rí físà gbà. Orí fóònù ni màmá ti wo ìsìnkú náà, bí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń gbé e jáde. Bí ìsìn ṣe ń lọ, Uncle Akín sọ̀rọ̀ sí Ṣìkẹ́mi létí nínú headset.

"Close-up. Ojú ìyàwó."

Ṣìkẹ́mi sún àwòrán mọ́ Hephzibah, ìyàwó olóògbé. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbójú sókè, ó rí kámẹ́rà, ó sì fi Bíbélì bo ojú. Ṣìkẹ́mi dá àwòrán padà sẹ́yìn, ó kó pósí àti gbogbo ẹbí pọ̀.

"Kí lo ń ṣe yẹn? Padà síbẹ̀."

"Uncle, ẹ má bínú. Mi ò ní padà."

Lẹ́yìn ìsìn, Uncle Akín gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ máa gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri. Ṣìkẹ́mi ò jiyàn. Ó dá a lójú pé ohun tó tọ́ lòun ṣe, títí di ìgbà tí Hephzibah pè é lórí fóònù.

"Aunty, ẹ ṣeun tí ẹ gbé kámẹ́rà kúrò lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n màmá ò yéé sunkún. Wọ́n ní gbogbo èèyàn làwọn rí, àwọn ò rí ojú mi, àwọn ò mọ bí mo ṣe wà."

Ṣìkẹ́mi ò ro ti màmá rárá lọ́jọ́ náà.

"Ṣé kí n wá ya ojú rẹ fún wọn?"

"Ẹ máa bọ̀."

Ó gbé kámẹ́rà tirẹ̀ lọ sílé Hephzibah ní Conyers. Níbi gíga tó kọ́kọ́ gbé e sí, Hephzibah dà bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí. Ó gbé e wálẹ̀ títí ó fi bá ojú rẹ̀ dọ́gba, ó sì sún un mọ́ ọn.

"Tó bá sú ọ, sọ fún mi, màá pa kámẹ́rà."

Hephzibah wo inú kámẹ́rà. "Màmá, ẹ kú ìrọ̀jú. Èmi nìyí."

Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò bo ojú. Ó sọ bí ọkọ òun ṣe dín dòdò jóná láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, tó sì jẹ ẹ́ tán nítorí ìtìjú. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n fi fídíò náà ránṣẹ́. Màmá wò ó, ó ní kí wọ́n tún fi í han òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Tóyìn ló ń ya fídíò báyìí. Uncle Akín ò tíì sọ pé kí Ṣìkẹ́mi padà sídìí kámẹ́rà.