Àgbò Àlhájì Àbdùlhàmíd

Kò sí àwọ̀ ẹran tí Kàmíìlù kò lórúkọ fún. Àgbò ni bàbá rẹ̀ ń tà n'Ísẹ́yìn, lẹ́nu bàbá náà ló sì ti kọ́ ọ: abilà, alámì, adíkálà, pupa rúsúrúsú, funfun báláú. Ní Padua, nílẹ̀ Italy, ẹrù ló ń gbé ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti ń kanlẹ̀, ọ̀gá ni. Òun ni àwọn Mùsùlùmí àdúgbò Arcella máa ń rán lọ sí oko ẹran. Yóò dúró lẹ́nu ọgbà, yóò máa ṣàpèjúwe àgbò lórí fóònù, kálukú yóò sì fi etí yan tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó pe Àlhájì Àbdùlhàmíd, bàbá àgbà tó ń ta oúnjẹ nítòsí ibùdó tram. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Àlhájì kò ti ríran mọ́.

"Àlhájì, ọ̀kan wà níbí o. Funfun báláú, ojú dúdú, ẹnu dúdú, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀."

"Subhanallah! Irú èyí tí Ànábì pa! Kàmíìlù, tèmi nìyẹn o!"

Ibi tó ti fẹ́ kọ nọ́ńbà etí àgbò náà síwájú orúkọ Àlhájì nínú ìwé ni ojúkòkòrò ti dé. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń yan èyí tó dára fún ẹlòmíràn, tí òun ń mú èyí tó ṣẹ́ kù. Bàbá rẹ̀ nílé kì í sì í yéé fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí àgbò gidi nílùú òyìnbó. Tó bá fi fọ́tò èyí ránṣẹ́ sí i ńkọ́? Ta ní ń jẹ àwọ̀? Ó kọ funfun sí orúkọ ara rẹ̀, ó kọ adíkálà pupa kan sí ti Àlhájì. Ẹ gbọ́ o, afọ́jú ló rẹ́ jẹ!

Láàárọ̀ Iléyá, òun fúnra rẹ̀ ló fa Àlhájì lọ́wọ́ wọ macello, ilé tí wọ́n ti ń pa ẹran. Bàbá gbé ọwọ́ lé adíkálà lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pe àbúrò wọn nílé. "Ó funfun báláú! Ojú rẹ̀ dúdú!"

Àwọn tó dúró níbẹ̀ wo àgbò, wọ́n wo Kàmíìlù. Ta ni yóò ba ayọ̀ àgbàlagbà jẹ́ lọ́jọ́ ọdún? Mọ̀dínátù, ìyàwó Kàmíìlù, dorí kodò. Ikú yá ju ẹ̀sín; ìtìjú mú Kàmíìlù débi pé ó ń wá ibi tí yóò fi ojú sí.

"Kàmíìlù, tún un sọ bí o ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gbọ́."

Òtítọ́ dé ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Funfun báláú, Àlhájì. Ojú dúdú."

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ìwọ tí o ń fi ojú rẹ ríran fún mi, Ọlọ́run kò ní gba ojú lọ́wọ́ rẹ."

"Àmín," ni àwọn tó wà níbẹ̀ wí, wọ́n ń wo Kàmíìlù. Tirẹ̀ kò jáde. Fọ́tò àgbò funfun náà ṣì wà nínú fóònù rẹ̀ títí dòní. Kò fi í ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀.