Iyọ̀ Àǹtí Bọ́lá àti Ojú Mi Òsì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Àfín ni mí, ẹ kúkú mọ̀. Egbò kékeré kan jókòó sí ìpéǹpéjú mi òsì, kò jiná, kò lọ. Ní ọ́fíìsì, gbogbo wọn ní Apollo ni. Apollo wo ló ń pẹ́ báyẹn?

Dókítà ní jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ó ní tí àwọn bá gé e lójú ẹsẹ̀, ojú náà lè bá a lọ. Kí n kọ́kọ́ máa lo kápúsù kan tó máa mú kí ó súnkì, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ṣàlàyé wàhálà tí òògùn náà lè fà, ṣùgbọ́n “ojú lè lọ” nìkan ni etí mi gbọ́. Ẹ̀rù bà mí!

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bọ́lá, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tọ́jú èmi àti ọkọ mi ní Kubwa, l'Ábújá. Kò pẹ́ tí ọbẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé, pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Inú bí mi! Mo ní ṣé nítorí àìsàn yìí ló ṣe gba ìyẹn gbọ́. Ó búra pé òun fi iyọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì ó fi kún un, ó ṣì tẹ́.

Ọkọ mi kàn ń mu omi ṣáá ni. Ta ló máa sọ fún àna pé ọbẹ̀ rẹ̀ ò dáa? Nígbà tó yá, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

“Kai! Àǹtí, ẹ dákun, iyọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ mi á ru!”

Mo pe dókítà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òògùn yẹn ló gba adùn lẹ́nu mi, ṣebí òun ti sọ. Mo ní n ò lò ó mọ́.

“Jókòó jẹ́ẹ́,” Àǹtí Bọ́lá ní. “Ẹnu lè dúró. Ojú ni ká kọ́kọ́ gbà.”

Mo gbà láti máa lò ó lọ, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú nítorí ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn; ó ní òun ti gbàgbé. Láti ìgbà náà, ó ń jókòó tì mí bí mo bá ń jẹun, á máa ròyìn oúnjẹ fún mi: èyí ta díẹ̀, èyí ṣe wẹ́kú.

Egbò náà súnkì lóòótọ́. Wọ́n gé ìyókù, ojú mi sì wà níbẹ̀! Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti parí kápúsù náà, mo fi ṣíbí bu ẹ̀wà sẹ́nu. Iyọ̀! Ó tilẹ̀ pọ̀ jù. Ẹkún ayọ̀ gbọ̀n mí, omi ń dà lójú ọ̀tún, ó ń dà lójú òsì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, egbò tí kò bá jiná, ẹ tètè gbé e lọ bá dókítà, kí ẹ sì mú ẹnìkan dání tó máa bá yín gbọ́ ohun tí ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ta ni Àǹtí Bọ́lá tiyín? Ẹ wá ròyìn rẹ̀ fún wa níbí.