Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Mo Kọ́ Màámi Lọ́nà Màpó

Ọmọ mi ń ka iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ sókè ní pálọ̀: “Strong tea. Heavy rain. High fever.” Mo pa iná ọbẹ̀, mo lọ jókòó sẹ́yìnkùlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, oòrùn mú gan-an ní Bẹyẹrúnkà, ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà mi. Àbúrò mi wà lẹ́yìn Màámi, ara rẹ̀ gbóná janjan, ó ń ké. Ọsibítù là ń lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ti ní kí Màámi lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rí torí wọn ò gbọ́ òyìnbó, ni Màámi bá ní kí n kọ́ àwọn lóhun tí àwọn máa sọ.

“Strong fever,” Màámi wí.

“Rárá, Màámi. Strong ló ń bá tea rìn. High ló ń bá fever rìn.”

“Ta ló so wọ́n pọ̀?”

Wọ́n ń tún un sọ bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà títí a fi gun òkè Màpó. Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti dákẹ́. Màámi nawọ́ sẹ́yìn, wọ́n kan ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ó ti tutù! Alihamudulilahi, ibà ń lọ.”

Inú mi dùn. Mo bi wọ́n bóyá ká ṣì sọ high.

“A máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè tètè dá wa lóhùn.”

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ibà ló lọ lókè Màpó.

Ní ọsibítù, Màámi ò ṣì í sọ rárá: “High fever, please.” Nọ́ọ̀sì tú ọ̀já, ó fọwọ́ kan àyà ọmọ náà. Yorùbá ló fi dáhùn.

“Màmá, ẹ wá jókòó.”