Ojú Kámẹ́rà Tó Ń Sọ̀kalẹ̀ Lórí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá àwọn ọmọ mi lọ sí ọsibítù, ó ti kọ́kọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ lé orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń gbé e dúró, ó kọ ojú rẹ̀ sí òkè àpáta tí a máa ń rí láti ilé wa ní Life Camp bí ojú ọ̀run bá mọ́. Ọyẹ́ ti bo òkè náà. Ó ní òun á dúró títí yóò fi ká. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó mú aṣọ òjò rẹ̀ lórí ìkọ́, ó fi bo kámẹ́rà nítorí eruku, ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o. Mo ti rí ibi tí mo fẹ́ kó wò."

Kò padà wálé. A sin ín, a ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn èrò Ìlọrin padà sí Ìlọrin. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wá àti ibi tí oníkálukú jókòó sí, ṣùgbọ́n n kò ní kọ orúkọ kankan síbí. Òkú kò fẹ́ ariwo, alààyè náà kò sì ní kí n gbé òun sínú ìwé. Mo ń ṣe opó, n kì í jáde. Èmi àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn la jọ kù sílé.

Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ta aṣọ ní Wuse, fọ́tò ìta lòun ń yà: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, àwọn tó gboyè. Bí ọjà bá kú, mo máa ń tẹ̀ lé e, nítorí náà mo mọ òfin rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kọjú sí ohun tí à ń yà, méjì á wà lẹ́yìn, kí wọ́n là gbàgà. Kì í na ọrùn àárín rẹ̀ sókè bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, torí ó ní ọrùn gígùn ni ìjì máa ń dì mú. Á wá so àpò iyanrìn mọ́ ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ìdí àpò náà kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́, kó má baà máa fì. Bí ó bá rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé èyí tó fúyẹ́ wá síta, á ní, "Bí ẹyẹ bá bà lé tiyín yẹn, ọ̀tọ̀ lẹ máa ṣa kámẹ́rà, ọ̀tọ̀ lẹ máa ṣa gíláàsì."

Wọ́n á ní, "Bàbá, tiyín kì í ṣe ti kámẹ́rà, irin rélùwéè ni."

Ó ga jù mí lọ gan-an. Ibi tí ojú rẹ̀ dé ló máa ń na ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé. Bí mo bá fẹ́ wo inú kámẹ́rà, àpótí ni mo ń gùn. Lẹ́yìn tó lọ, gíga yẹn kì í ṣe gíga irin lójú mi mọ́. Ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí mo bá ká a, ta ló tún máa fi ibi tí ojú rẹ̀ dé hàn mí?

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Lokogoma kò gbà bẹ́ẹ̀, ó pè mí lórí fóònù.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n wá ká nǹkan yìí. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀, ẹ sì mọ bí ìjì rẹ̀ ṣe ń jà ní Àbújá."

"Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ ni mò ń rò. Ṣé Dádì náà kọ́ ló máa ń sọ pé kámẹ́rà kì í ṣubú, ẹni tó gbé e dúró ló ń ṣubú?"

"Ẹni tó gbé e dúró ti ṣubú," mo ní. "Fi í sílẹ̀."

Mo gbé fóònù kalẹ̀.

Ìyàwó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ti lọ kí àwọn òbí rẹ̀ kí ikú tó wọlé, kò sì gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó dé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọgbà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Alhaji. Òkè yẹn náà lẹ tún ń wò?"

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ta lò ń kí?"

"Alhaja, ẹ kú ilé o. Alhaji ni mò ń kí. Wọ́n kàn mi orí sí mi. Àbí wọn ò bá ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ ni?"

Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, kò mọ̀ pé aṣọ òjò Alhaji ló ń kí. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbé ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í. "Mo rí i tí wọ́n mi orí," ló ní, ó sì fa ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré mọ́ra, ó wọlé.

Mo yẹ nǹkan náà wò. Lóòótọ́ ló ti tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú ti kúrú. Àpò iyanrìn tó máa ń kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́ ti jókòó sílẹ̀ pátá, kò fa ohunkóhun mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ibi tí wọ́n ti ń dì í ló rọ̀. Mo gun àpótí, mo ká aṣọ òjò sókè, mo wojú rẹ̀. Bátìrì ti kú, ṣùgbọ́n ihò ìwòran rẹ̀ kò nílò iná. Òkè àpáta kò sí níbẹ̀ mọ́. Òrùlé ilé ni mo rí.

Lọ́jọ́ kejì, òpó iná ló ń wò. Lẹ́yìn náà, òpópónà. Lẹ́yìn náà, géètì wa. N kò gbọ́ kó dún rí, n kò sì rí i kó mira, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ohun tó ń wò á ti yí padà. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo rìn bá a, n kò rántí gbé àpótí, mo gbé ojú lé e, ó sì bá ojú mi mu.

Inú ọgbà ló ń wò. Ẹní ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ọmọ ìyàwó ìsàlẹ̀ lórí ẹní, ó ń fi ìdérí ìkòkò ṣeré. Ó wà láàárín gbùngbùn, bí ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi bá fi ènìyàn sí ibi tó yẹ kó wà. Ọmọ náà gbójú sókè. Kì í ṣe èmi ló wò. Ó wo òkè orí mi díẹ̀, níbi tí ojú ọkùnrin tó ga máa ń wà, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó wá yé mi pé ibi tó ń wò gan-an nibi tí yóò já bọ́ sí.

N kò tíì sún kúrò níbẹ̀ nígbà tí ìhà Gwarinpa ṣú, tí eruku dìde. Mo pè, "Ìyàwó, gbé ọmọ wọlé." Kò gbọ́, ẹ̀rọ ìlọta ń ké ní kíṣìnì rẹ̀. Mo fẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti wọ inú aṣọ òjò, apá rẹ̀ méjèèjì ti wú, irin náà sì ń mì lọ síwájú. Mo dì í mú níbàdí. Apá aṣọ kan gbéra, ó wá sinmi lé èjìká mi. Ó wúwo ju aṣọ lọ. Mo ń pe ìyá ọmọ, mi ò dákẹ́, títí tó fi jáde, tó gbé ọmọ rẹ̀. Bí ó ti yí ẹ̀yìn padà ni ìkòkò òdòdó tó wà lórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ré bọ́, ó fọ́ sórí ẹní.

Ó pọn ọmọ, ó gun òkè wá bá mi. Mo ní kó bá mi dì í mú, èmi fúnra mi ni màá ká a. Mo tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n sì wọnú ara wọn fììì. Báyìí ni ohun tó kù nínú gíga ojú rẹ̀ ṣe lọ. Mo sunkún, kò ní kí n má sun ún.

Ẹsẹ̀ iwájú kò tú. Mo yí i, kò yí. Òun náà fi ìborùn wé ọwọ́, ó yí i títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ.

"Alhaja, èyí ò rọ̀ rárá. Ta ló dì í tó báyìí?"

"Alhaji ni."

"Kí ló wá jẹ́ kó máa sọ̀kalẹ̀?"

Mo tún fa aṣọ òjò bo kámẹ́rà. Òjò ti dé.

Ọmọ mi gba kámẹ́rà lọ sí Lokogoma. Ó ní òun mọ ẹnì kan ní Wuse tó lè fi òróró tú ẹsẹ̀ yẹn, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ni irin náà wà báyìí, ẹsẹ̀ méjì ká, ọ̀kan nà. Bí mo bá fẹ́ gbálẹ̀, èmi nìkan ni mo ń gbé e kúrò lọ́nà. Lọ́jọ́ mìíràn, kò wúwo, àfi bí ẹni pé ọwọ́ kan bá mi gbé e.